Ìjókòó àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Kàbà: ìbéèrè tí ẹ ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí a ti ń sọ ọ́ kiri pé a fẹ́ kó àwọn olùṣèwádìí jọ sí Kàbà fún ọjọ́ márùn-ún nítorí ẹ̀ka ìṣirò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní extremal combinatorics, ìbéèrè kò dáwọ́ dúró. Àwọn kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní gáréèjì, òbí kan sì pè mí láti Ìsánlú kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo kọ àwọn tó wọ́pọ̀ jù síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní a jọ jókòó ni.

Kí ni extremal combinatorics yìí gan-an?

Ẹ̀ka ìṣirò tó ń wá ibi tí nǹkan pin sí ni. Combinatorics fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò ohun tí a lè kà lẹ́yọ lẹ́yọ: ènìyàn, ìlú, ọ̀nà, ìgbìmọ̀, ọmọ ayò. Apá tí à ń sọ yìí wá ń béèrè pé: báwo ni nǹkan ṣe lè pọ̀ tó kí òfin kan tó fọ́? Mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kí ohun kan tó di dandan?

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ wa ṣàpèjúwe. Ẹ mú ìlú mẹ́wàá: Kàbà, Ìyàrá, Ẹ̀kìnrìn-Àdé, Ògìdì, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀jùkù, Odò-Ẹrẹ́ àti Ẹ̀gbẹ̀. Ká sọ pé a fẹ́ la ọ̀nà tààrà láàárín ìlú méjì méjì, ṣùgbọ́n òfin kan wà: kò gbọdọ̀ sí ìlú mẹ́ta tí gbogbo wọn so mọ́ ara wọn. Bí ọ̀nà bá ti Kàbà dé Mọ̀pà, tí òmíràn sì ti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, a kò gbọdọ̀ la èyí tó máa lọ tààrà láti Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀nà mélòó la lè là jù?

Gbogbo ọ̀nà tó ṣeé là láàárín ìlú mẹ́wàá jẹ́ 45. Ìdáhùn sí ìbéèrè wa jẹ́ 25. Ẹ pín àwọn ìlú náà sí ọ̀wọ́ méjì, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Ẹ so ìlú kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún mọ́ gbogbo ìlú apá òsì, kí ẹ má sì so ìlú kankan mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan náà. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, 25 nìyẹn. Bí ẹ bá la ọ̀nà 26, ibi yòówù kí ẹ gbé e gbà, ìlú mẹ́ta kan á ti so kọ́ra láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mantel, ará Holland, ló gbé èyí jáde lọ́dún 1907.

Ní 1941, Paul Turán, ará Hungary, mú un gbòòrò. Dípò ìlú mẹ́ta tó so kọ́ra, ó béèrè nípa mẹ́rin, márùn-ún, iye yòówù. Ọmọ Júù ni Turán, inú àgọ́ iṣẹ́ ipá ni wọ́n mú un sí nígbà tí ìrònú yẹn ń bá a gbé. Ní 1944, níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ti ọkọ̀ kékeré lórí irin láti ojú ààrò dé ibi ìkẹ́rùsí. Níbi tí irin bá ti dábùú irin, ọkọ̀ á ta, bíríkì á dà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé: báwo la ṣe lè to àwọn irin yìí kí ibi tí wọ́n ti dábùú ara wọn lè kéré jù lọ? Títí di òní, a kò tíì rí ẹ̀rí tó yanjú ìbéèrè yẹn tán. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó bá rò pé iṣẹ́ àwọn tí nǹkan rọ̀ ṣọ̀mù fún nìkan ni ìṣirò.

Ẹ fi ọ̀kan hàn wá tí ọmọ iléèwé lè lóye.

Ẹ pe ènìyàn mẹ́fà jókòó lábẹ́ igi lọ́jọ́ ọjà. Àwọn kan mọ ara wọn rí, àwọn kan kò mọ ara wọn. Láì tíì rí wọn sójú rárá, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ó rí mẹ́ta nínú wọn tí gbogbo wọn mọ ara wọn, tàbí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ẹnì kejì.

Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ẹ mú ọ̀kan, ká pè é ní Bọ́lá. Ó ku àwọn márùn-ún. Yálà Bọ́lá mọ ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn, tàbí ó kéré tán mẹ́ta wà tí kò mọ̀, nítorí bí ó bá mọ méjì péré, mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Ká sọ pé ó mọ Dúpẹ́, Ṣọlá àti Túndé. Bí méjì èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yìí bá mọ ara wọn, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Bọ́lá ti di mẹ́ta tó mọ ara wọn. Bí kò bá sí méjì nínú wọn tó mọ ara wọn, Dúpẹ́, Ṣọlá àti Túndé fúnra wọn ni mẹ́ta àjèjì tí à ń wá. Bó bá sì jẹ́ pé mẹ́ta ni Bọ́lá kò mọ̀, ẹ kàn yí ọ̀rọ̀ náà dà, ọ̀nà kan náà ló gbà. Ó parí.

Ènìyàn márùn-ún kò tó. Ẹ tò wọ́n yí tábìlì ká, kí oníkálukú mọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti ẹni tó wà lósì rẹ̀ nìkan. Ẹ wò ó títí, ẹ kò ní rí mẹ́ta tó mọ ara wọn, ẹ kò sì ní rí mẹ́ta tí kò mọ ara wọn.

Mo ti ṣe èyí ní kíláàsì àìmọye ìgbà, mo sì máa ń ní kí àwọn ọmọ mẹ́fà dìde dúró. Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò bá dákẹ́, tó wá sọ pé, “Tíṣà, kò lè yẹ̀ nìyẹn.”

Ibi tó ti wá le ni èyí. Bí a bá fẹ́ ènìyàn mẹ́rin dípò mẹ́ta, a nílò ènìyàn 18. Greenwood àti Gleason ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1955. Bí a bá fẹ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lágbàáyé. A mọ̀ pé kò lè kéré sí 43, a sì mọ̀ pé kò lè ju 46 lọ. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye ìbéèrè náà, ìdáhùn rẹ̀ ni kò sí. Frank Ramsey tí a fi orúkọ rẹ̀ pe irú nọ́ńbà yìí kú ní 1930, ọmọ ọdún 26 ni.

Ṣé ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó dá jókòó sínú yàrá? Kí ló dé tí ẹ fi ní láti kó ènìyàn jọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òun gan-an ló fà á tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí.

Nígbà tí mo ń ṣe dígírì kejì, mo mú ìbéèrè kan tí mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ bi í. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá wà, a fẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́ta láti inú wọn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ méjì èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó wà nínú àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ mélòó la lè yàn jù? Mo rí i pé bí a bá mú ẹnì kan, tí a fi í sínú gbogbo ìgbìmọ̀, a ó rí 36. Mo wá ń wá ẹ̀rí pé kò sí bí a ṣe lè rí 37, kì í sì í ṣe fún mẹ́wàá nìkan, fún iye yòówù láti mẹ́fà sókè. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é. Níbi tí mo wà, kò sí ẹnì kan tó mọ ẹ̀ka yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí mo ṣe lè ka àwọn ìwé ìwádìí tó wà níta. Mo lọ sí àpérò kan ní ìlú mìíràn, mo jókòó ti bàbá kan nídìí oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ ìbéèrè mi fún un. Kò tíì gbé omi mu tán tó fi sọ pé, “Ọmọ mi, Erdős, Ko àti Rado ti ṣe é. 1961.”

Mi ò lè jẹun mọ́. Kì í ṣe pé ẹlòmíràn ti ṣe é ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ni oṣù mẹ́rìnlá mi nílò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, bàbá yẹn sọ ìbéèrè mẹ́ta mìíràn tó ṣẹ́kù lórí ọ̀rọ̀ kan náà fún mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yanjú. Mo padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé àwọn mẹ́ta yẹn fúnra wọn ti mọ ẹ̀rí náà láti 1938. Ọdún 23 ló fi wà nílẹ̀ kó tó jáde, nítorí pé nígbà yẹn àwọn tó bìkítà fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìmọ̀ tí kò bá ní agbo tó máa gbà á á jókòó sínú dúróà ni.

Ẹ tún wo ìtàn ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1933 ní Budapest, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pàdé láti bá ara wọn sọ ìṣirò. Ọ̀kan nínú wọn, Esther Klein, sọ fún wọn pé bí ẹ bá fi àmì márùn-ún sórí bébà, tí mẹ́ta kankan kò sí lórí ìlà kan ṣoṣo, mẹ́rin nínú wọn á di igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wọnú. Ó béèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fẹ́ igun tó ju mẹ́rin lọ. George Szekeres àti Paul Erdős bá a wọ̀ ọ́, ìwé wọn jáde ní 1935. Szekeres àti Klein fẹ́ ara wọn, Erdős sì sọ ìbéèrè náà ní ìbéèrè tó parí sí ayọ̀. Ọjọ́ kan náà ni tọkọtaya yẹn kú ní Australia ní 2005, kò tó wákàtí kan síra wọn.

Inú ìwé 1935 yẹn náà ni Erdős àti Szekeres ti fi hàn pé iye ènìyàn tí ìbéèrè Ramsey nílò kò lè ju 4 tí a sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́nà k lọ, níbi tí k jẹ́ iye ènìyàn tí à ń wá. Láti ọdún yẹn ni gbogbo ayé ti ń gbìyànjú láti rọ́pò 4 yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà tó kéré sí i díẹ̀, kódà kó jẹ́ díẹ̀ tín-ín-tín. Ọdún 88 kọjá. Ní 2023, ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n ti fi ọdún mélòó kan jọ jókòó tì í, Campos, Griffiths, Morris àti Sahasrabudhe, ló rí i ṣe. Àwọn kan nínú wọn wà ní Brazil.

Erdős fúnra rẹ̀ kò ní ilé kan pàtó. Ó ń gbé báàgì rẹ̀ káàkiri ayé, ó ń sùn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn tó bá a kọ̀wé ju 500 lọ, ìwé ìwádìí rẹ̀ tó nǹkan bí 1500. Níbi àpérò kan ní Warsaw ló kú sí ní 1996.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn?

Ọ̀rọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀. Lówúrọ̀, ẹnì kan tàbí ẹni méjì á kọ́ wa ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kìíní, a ó fi wákàtí méjì kó ìbéèrè jọ sójú bọ́ọ̀dù: ẹni tó bá ní ìbéèrè tí a kò tíì yanjú á kọ ọ́, á sọ ohun tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ àti ibi tó ti há. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a ó pín sí agbo ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún, agbo kọ̀ọ̀kan á mú ìbéèrè kan. Nírọ̀lẹ́, agbo kọ̀ọ̀kan á jábọ̀ ohun tó rí, títí kan ọ̀nà tó gbà tí kò já síbì kankan. Èyí tí kò já síbì kankan ṣe pàtàkì, torí kò ní jẹ́ kí agbo mìíràn tún rìn ín.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dá ọgbọ́n yìí. Ní Oberwolfach, nínú igbó kan ní Jámánì, ilé kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn onímọ̀ ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Banff ní orí òkè Canada, wọ́n ti ń ṣe é láti 2003. Àwọn méjèèjì jìnnà sí ariwo ìlú ńlá, oúnjẹ àti ibùsùn wà lójú kan, ẹni tó bá sì ní ìrònú lóru lè kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ilé ńlá wọn kò pọn dandan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Kogí? Ṣé Abuja kò dára jù ni?

Abuja dára. Kódà National Mathematical Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 wà ní Sheda, ní Kwali, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sí Abuja. Àìmọye ìgbà la ti gba iwájú Kwali kọjá láìmọ̀ pé ilé ìṣirò wà níbẹ̀. Federal University Lokoja náà wà nítòsí, láti 2011. A kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe wà. Ẹni tó ń kọ́ni ní Lọ́kọ́ja lè dé ọ̀dọ̀ wa láàárín òwúrọ̀. Ti Ìlọrin, ti Èkìtì, ti Àkúrẹ́, gbogbo wọn lọ́nà sí Kàbà. Oríta ni wá, bẹ́ẹ̀ la kì í sì í ṣe ibi tí ariwo ti ń gba ọpọlọ. Ìdí kejì kan èmi alára: ilẹ̀ tó ní iléèwé bíi Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀ àti St. Augustine's ní Kàbà ti bí àwọn ọ̀mọ̀wé tó pọ̀, gbogbo wọn sì ní láti jáde kí wọ́n tó rí agbo. Mo fẹ́ kí ọmọ kan láti Bùnú rí onímọ̀ ìṣirò tó ń jiyàn lórí bọ́ọ̀dù, kó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ń ṣìnà, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n tún ń kọ ọ́.

Ọ̀nà ńkọ́? À ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé.

Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní rìn lóru. A fẹ́ kí gbogbo àlejò ti wọ ìlú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí àwọn tó ń bọ̀ láti apá kan náà jọ wọ ọkọ̀, kí wọ́n sì pè wá kí wọ́n tó gbéra. Bí ọ̀nà kan kò bá dára lọ́sẹ̀ yẹn, a ó sún ìjókòó síwájú.

Ta ló lè wá? Tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì ni mí.

Ẹ wá, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ fásitì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe dígírì kejì tàbí kẹta, agùnbánirọ̀ tó ka ìṣirò, tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì tó ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. A kò fẹ́ ju ènìyàn 25 lọ, kí a lè mọ orúkọ ara wa. Ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ kò pọ̀ ní ẹ̀ka yìí, àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ìṣirò kan wà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta lẹ ó fi kọ́ èdè rẹ̀ kí ẹ tó lóye ìbéèrè. Tiwa, òwúrọ̀ kan tó. Ẹni tó bá lè tẹ̀ lé ẹ̀rí ènìyàn mẹ́fà tó wà lókè yìí ti wọlé.

Obìnrin ńkọ́? Mo lọ́mọ lọ́wọ́.

Ẹ gbé ọmọ bọ̀. A ó wá ẹni tó máa bá yín gbé e lásìkò iṣẹ́. Esther Klein ló bi ìbéèrè tó bí ìwé 1935. Vera Sós, ìyàwó Turán, wà lára àwọn mẹ́ta tó fi ẹ̀rí pàtàkì kan hàn ní 1954 tí a ṣì ń lò lójoojúmọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Àìsí obìnrin nínú agbo wa títí di báyìí jẹ́ àbùkù tiwa, a sì fẹ́ tún un ṣe.

Kí ni ó wúlò fún?

Mi ò ní purọ́ fún yín pé yóò mú iṣu tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fóònù yín sókè. Nígbà tí ohùn bá ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, apá kan rẹ̀ máa ń bàjẹ́, fóònù á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé àwọn àmì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe díẹ̀ kò lè sọ ọ̀kan di òmíràn. Àmì mélòó la lè ní tí wọ́n á ṣì jìnnà síra tó? Ìbéèrè wa náà nìyẹn. Tíṣà tó ń to tàìmùtébù ìdánwò kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa ní ìdánwò méjì lákòókò kan náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, kódà bí kò bá mọ̀.

Àwọn tó ń ṣèwádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú gbára lé ẹ̀ka yìí gan-an. Ìbéèrè kan tí Nisan àti Szegedy gbé dìde lórí irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 2019, Hao Huang yanjú rẹ̀ nípa dídáhùn ìbéèrè ìpẹ̀kun kan lórí àpótí oníwọ̀n púpọ̀. Kókó ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ojú ìwé méjì lọ.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè kà á tán fún wa?

Ẹ mú ìbéèrè ènìyàn márùn-ún tí mo sọ. Bí a bá fẹ́ yẹ ènìyàn 43 wò, ìsopọ̀ 903 ló wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ “mọ ara wọn” tàbí “kò mọ ara wọn”. Iye ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n jẹ́ 2 tí a sọ di púpọ̀ nígbà 903, nọ́ńbà tó gùn tó dígíìtì 272. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ó ń ràn wá lọ́wọ́. Ní 2007, Alexander Razborov gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè wá apá tó nira nínú ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ní 2023, ètò kọ̀ǹpútà kan tí Google DeepMind ṣe rí àkójọ kan tó ní àmì 512 nínú ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀, níbi tí èyí tí ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti jẹ́ 496. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n àkójọ tó pọ̀ kò sọ ìdí tí kò fi lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí yẹn ni à ń jókòó wá.

Èdè wo la máa sọ?

Ìwé á jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí gbogbo ayé ni a fẹ́ kó kà á. Lẹ́nu, ẹ sọ èyí tó bá yá yín lára. Òwé ń bá Yàgbà sọ̀rọ̀, Ìjùmú ń bá Ọ̀wọ́rọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀, a sì ń gbọ́ ara wa. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ṣàlàyé ẹ̀rí ní Yorùbá, ibi tí kò yé èmi fúnra mi máa ń hàn kíákíá. Gẹ̀ẹ́sì á jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó.

Tí agbo bá rí ìdáhùn, orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé?

Gbogbo ẹni tó jókòó nínú agbo náà tó sì bá wọn ṣe é, ní ìtòtẹ̀léra lẹ́tà orúkọ bàbá wọn. Àṣà ìṣirò nìyẹn níbi púpọ̀, kò sí ọ̀gá níwájú, kò sí ọmọ ẹ̀yìn. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní kí a tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á sì fọwọ́ sí i.

Mo le koko lórí èyí nítorí ohun tí ojú mi rí níbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló mú àpẹẹrẹ tó fi hàn pé àbá tí àwọn àgbà ń tẹ̀ lé kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ yẹn ló yí iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà tó tọ́. Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan nísàlẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí lókè. Kò ṣe ìṣirò mọ́. Ẹni tó bá fọ́ àbá ti ṣiṣẹ́ bí ẹni tó kọ́ ẹ̀rí, ibi tiwa yìí la ó sì ti kà á sí iṣẹ́.

Owó, iná, dátà?

A kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù á gbé ara rẹ̀ wá, àwa tí a wà nílé á bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé owó ọkọ̀. Ojúmọmọ la ó máa ṣiṣẹ́, torí náà iná kò ní dá wa dúró, jẹnẹrétọ̀ wà fún alẹ́. Àwọn ìwé tí a nílò, a ó ti gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri. Iyán wà.

Ìbéèrè wo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ jókòó tì?

Oníkálukú á mú tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù nìyí. Turán ló bi í, ó lé ní 80 ọdún, kò sì tíì ní ìdáhùn.

Ẹ padà sórí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Òfin rẹ̀ báyìí ni pé, nínú ènìyàn mẹ́rin èyíkéyìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé gbogbo ìgbìmọ̀ mẹ́rin tí a lè yàn láti inú wọn ni a yàn. Ìgbìmọ̀ mélòó la lè yàn jù? Fún ènìyàn mẹ́fà, 14 ni nínú 20. Ọ̀nà tí a fi rí i rèé: ẹ pín àwọn mẹ́fà sí ilé mẹ́ta, ẹni méjì nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to àwọn ilé náà yí po. Ẹ yan gbogbo ìgbìmọ̀ tó mú ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ tún yan èyí tó mú àwọn méjèèjì láti ilé kan pẹ̀lú ẹnì kan láti ilé tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà nìyẹn. Bí iye ènìyàn bá ń pọ̀ sí i, ọ̀nà yìí ń fún wa ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gbogbo ìgbìmọ̀. Turán gbà pé kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Erdős fi owó lélẹ̀ fún ẹni tó bá rí ẹ̀rí. Razborov fi ọ̀nà rẹ̀ sún mọ́ ọn gan-an, ó fi hàn pé, bí ènìyàn bá ti pọ̀ gan-an, ìdá náà kò lè kọjá 0.5617, nígbà tí ìdá márùn-ún nínú mẹ́sàn-án jẹ́ nǹkan bí 0.5556. Àlàfo tó kù kò fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dí.

Kí ni kí n ṣe kí n tó dé?

Ẹ mú bébà, kí ẹ fi ènìyàn márùn-ún gbìyànjú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ mẹ́wàá ló wà lápapọ̀. Méje lẹ lè yàn, ẹ wá bí ẹ ṣe máa yàn wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìdí tí ìkẹjọ kò fi lè wọlé. Ẹ mú bébà yẹn dání bọ̀, kódà bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ pípa rẹ́.